Ṣé Ara Ọmọ Náà Móoru?

                                        Yàrá Kọ̀ǹpútà,
                                        Ẹ̀yìn Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọmọ Tuntun,
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ojú ọ̀nà, ẹ kú wàhálà ọkọ̀. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ara ìyàwó wa ti yá, torí ó ti ń bá mi jà lórí irùngbọ̀n mi. Ọmọ yín ṣì wà nínú àpótí onígíláàsì tó ń mú ara àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé móoru.

Ọ̀rọ̀ àpótí yẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru ara àwọn ọmọ náà ń bàjẹ́, wọn ò sì ṣe irú wọn mọ́. Tuntun tí wọ́n rà ń fèsì lọ́nà tó yàtọ̀ pátápátá. Ètò kọ̀ǹpútà tó nílò èsì yẹn pọ̀: èyí tó ń fi ooru han nọ́ọ̀sì, èyí tó ń dún bí ọmọ bá ń tutù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń tú wọn palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè kọ́ wọn ní èdè ẹ̀rọ tuntun. Bí mo bá sì ṣi ibì kan kọ, ọmọ yín lè máa tutù kí nǹkan kan má dún.

Ọ̀gá wa obìnrin, tí a ń pè ní Màmá Jẹ́jẹ́, ló ní kí n gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, kí n kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ètò náà ń béèrè. Mo wò ó títí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé ẹ̀rọ kankan wà láyé. Ètò kékeré kan tó ń ṣe bí ògbufọ̀ ló wà láàárín, òun ni gbogbo wọn ń bi ní ìbéèrè kan náà: ṣé ara ọmọ náà móoru? Ògbufọ̀ yẹn nìkan ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Òun nìkan la tún kọ, a fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ dán an wò, ó parí. Ìgbà tí mo ṣì wà níléèwé ni Màmá Jẹ́jẹ́ ti ṣe é bẹ́ẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ de ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe. Bọ̀dá, ẹnu mi ò tíì padé.

Láàárọ̀ yìí, a fi ẹ̀rọ tuntun sí àpótí ọmọ yín. Mo dúró sẹ́yìn nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ìyàwó wa wọlé, ó gbọ́wọ́ lé gíláàsì bó ṣe máa ń ṣe. Kò béèrè ẹ̀rọ, kò béèrè iṣẹ́ wa. Ó ní ṣé ara ọmọ òun móoru. Nọ́ọ̀sì wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní ó móoru dáadáa. Mo yáa bọ́ síta, kí wọ́n má rí omi lójú mi.

Ẹ bá mi kí awakọ̀ kejì yín. Ẹ rọra wakọ̀, ọmọ ń retí yín.

                                        Èmi àbúrò yín tí ẹnu ṣì ń yà,
                                        Onírùngbọ̀n.