Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Ní Kò Pọn Dandan

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Yàrá ìwé ni, nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń gún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa fi wò mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò purọ́ fún wọn. Ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá mi. Bàbá ẹ̀ — kò pè.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà ibí, ló kọ́ mi. Gbogbo Fúráìdeè, kí n tẹ: dako gbogbo ipamo. Dako niṣẹ́ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, kó da orúkọ kọ síbòmíì. Inú gbogbo ni orúkọ àwọn ọmọ wà. Inú ipamo ni ẹ̀dà ẹ̀ ń lọ. Wọ́n ní, "Gbọ́ o. Kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ. Ipò ló mọ̀. Èyí tó ṣáájú ló ń fún ni, èyí tó tẹ̀lé ló ń gbà. Tó o bá gbé ọ̀kan sípò èkejì, á fi ti àtijọ́ pa tuntun rẹ́."

Ọ̀rọ̀ kan tún wà: --wo. Ìlà kékeré méjì ló ṣáájú ẹ̀. Ibi tó bá wu èèyàn ló lè fi í sí, ó sì lè má fi í rárá. Tó bá ti wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á kàn sọ ohun tó fẹ́ ṣe, kò ní ṣe é.

Èmi á máa fi í. Ojo ni mí.

Fúráìdeè, ọjọ́ keje

Mo kọ ipamo ṣáájú! --wo ló sọ pé òun máa pa orúkọ ọmọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta rẹ́. Mo tún un tẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Túsìdeè, ọjọ́ kọkànlá

Ọ̀gá yàrá wa — Afínjú ni mo ń pè é níbí, aṣọ ẹ̀ kì í rún. Ìyá Ìkókó lòun ń pè mí. Ó ní òórùn wàrà ọmú ń jáde lára mi. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Fúráìdeè, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó ti ṣẹlẹ̀.

Màámi pè, ara ọmọ gbóná. Mo ti tẹ --wo. Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó yìí, ó máa ń kà á pẹ́. Afínjú dúró tòun ti kọ́kọ́rọ́. "Ìyá Ìkókó, ṣé irun orí wọn lò ń kà ni? Kò pọn dandan! Yọ ọ́, jẹ́ ká máa lọ." Mo yọ ọ́, mo tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀. Ọkàn mi wà nílé.

Ipamo ló ṣáájú.

Ọmọ méjìlélọ́gọ́ta. Gbogbo àwọn tó gba abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ yìí — bíi pé wọn ò wá rí.

Afínjú wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí. Ó ní, "Mi ò sí níbí o."

Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ara ọmọ ti tutù. Tèmi ń gbóná.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Afínjú gbé ìwé wá pé kí n fọwọ́ sí i. Ó rò pé mi ò lè kà á. Mo kà á díẹ̀díẹ̀: pé òun ti kìlọ̀ títí, pé ojoojúmọ́ lòun ń fi bí wọ́n ṣe ń lo --wo hàn mí, olóríkunkun ni mí. Mo ní ó dọ̀la. Ó ní, "Fọwọ́ sí i, màá bá ẹ bẹ̀ wọ́n. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máa lọ sílé lọ fọ́mọ lọ́mú."

Ṣùgbọ́n mo máa ń wo èèyàn. Mi ò rí ọwọ́ ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yẹn rí.

Túsìdeè, ọjọ́ kejìdínlógún

Àǹtí wá. Afínjú rojọ́ tán, ẹnu ẹ̀ dùn bí oyin. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, orí mi ló kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí lójú Àǹtí, bí ẹ ṣe máa ń fi hàn mí."

Àǹtí rọra fa àga fún un.

Ó tẹ: dako gbogbo ipamo wo. Kò fi ìlà méjì yẹn sí i. Kọ̀ǹpútà dá a lóhùn: ibi méjì ni mo fẹ́, mẹ́ta lẹ fún mi. Ó tún un tẹ̀. Bákan náà. Òógùn bo ọrùn aṣọ ẹ̀. Àǹtí ní, "Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà rò pé ibì kan ló ń jẹ́ wo. Ojoojúmọ́ kẹ̀?" Wọ́n ká ìwé tó ní kí n fọwọ́ sí sínú báàgì wọn.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kọkàndínlógún

Wọn ò lé mi. Wọn ò lé òun náà. Yàrá kan náà, òun lọ̀gá. Àǹtí ti yí iṣẹ́ náà padà: kọ̀ǹpútà á máa kọ́kọ́ wò ó fúnra ẹ̀ báyìí, ẹni tí ò bá fẹ́ kó wò ó ló máa tẹ ọ̀rọ̀ míì sí i. Wọn ì bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Mi ò sọ ọ́ síta.

Afínjú wọlé láàárọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Ẹ! Mà! Èébú ẹ̀ ò dẹ́rù bà mí tó báyìí rí.

Èmi ni wọ́n ní kí n fi nọ́ńbà fóònù inú ìwé ẹnu géètì pe àwọn ìyá ọlọ́mọ, kí wọ́n mú káàdì wọn padà wá, ká má baà gún ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni àkọ́kọ́ pariwo mọ́ mi létí: "Ta ló pa orúkọ ọmọ mi rẹ́?" Afínjú wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ́tí. Mo mọ ohun tí mo lè sọ.

Mo ní, "Èmi ni, mà. Ọwọ́ mi ni."

Ó ku mọ́kànlélọ́gọ́ta.