Ọbẹ̀ Yín Tó Kù Nínú Fíríísà

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ mọ̀ pé n kì í tètè jẹ́wọ́ ẹ̀bi mi. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ èyí fún: mo ti ba ọbẹ̀ yín tó kẹ́yìn jẹ́.

Ọbẹ̀ ẹja tí ẹ sè ní Sátidé tó ṣáájú ikú yín ni mò ń wí, èyí tí ẹ bu sínú ike áísìkíriìmù, tí ẹ gbé sínú fíríísà. Láti ìgbà tí a ti sin yín ni Bàbá kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Mo ra máíkírówéèfù fún Bàbá, kí wọ́n má baà máa jẹ oúnjẹ tútù nígbà tí mo bá ti padà sí polí, tí n kò sí ní Òkìtìpupa. Mo kọ ìlànà rẹ̀ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Abọ́ irin kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwo tí a fi wúrà kùn létí, àti ike tí a ra áísìkíriìmù tàbí bọ́tà nínú rẹ̀. Abọ́ gíláàsì tí wọ́n kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé ó yẹ fún un ni kí wọ́n lò. Mo tilẹ̀ kó àwọn ike yín kúrò lábẹ́ tábìlì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ẹ máa ń fọ̀ wọ́n, ẹ máa ń sá wọn sóòrùn, ẹ sì máa ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìdérí èyí tó bá jẹ́ ti Bàbá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá sọ pé àwọn fẹ́ jẹ ọbẹ̀ náà. Ó ti dì gbagidi mọ́ ike. Mo ní kí n kàn fi máíkírówéèfù tú u díẹ̀, kí n lè dà á sínú gíláàsì. Àmọ́ ìdérí tó ní àmì yín wà lọ́wọ́ mi, mo ń wò ó, mo sì gbàgbé láti pa ẹ̀rọ náà. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, epo ti gbóná ju bí ike ti lè gbà lọ. Ike ti yọ́ sínú ọbẹ̀. Kò ṣeé jẹ mọ́.

Bàbá wo ọbẹ̀, wọ́n wo bébà.

“Ìwọ ọmọ polí, ta lo wá kọ ọ́ fún?”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n gbé ìkòkò kaná. Láyé mi, n kò rí i kí Bàbá dáná rí. Wọ́n fọ ẹja bí ẹ ṣe máa ń fọ̀ ọ́, wọ́n sì dín iná kù níbi tí ẹ ti máa ń dín in kù. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. A fi jẹ púpurú.

Màmá mi, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń wo ọwọ́ yín, ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tí a rò pé oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń retí?

Èmi ni,
Ọmọbìnrin yín tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.