Nọ́ńbà Tó Wà Lẹ́yìn Dáàṣì

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò rí oorun sùn mọ́... Àfẹ́sọ́nà mi ni mánéjà yàrá kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ tí àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà, oṣù tó ń bọ̀ la máa ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ágége, ó sì ti lé aláìṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní program tó ń gba e-mail lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà wa, ní ihò tí olè lè gbà wọlé, pé àfi tó bá di version 1.3.12 kí ọkàn wa tó balẹ̀. Bọ̀dá Táyọ̀, tó kọ́ mi níṣẹ́, fi CD tuntun sí i, wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe. Àfẹ́sọ́nà mi yẹ̀ ẹ́ wò, 1.3.9 ló ṣì ń rí! Ló bá pariwo pé òpùrọ́ ni wọ́n, ó ní kí wọ́n máa lọ lójú ẹsẹ̀.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀... àfìgbà tí mo ka ìwé tó bá CD yẹn wá. 1.3.9-1 la ní tẹ́lẹ̀, 1.3.9-4 ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn tó kọ program ló ni nọ́ńbà iwájú, àwọn tó kó Linux wa jọ ló ni èyí tó wà lẹ́yìn dáàṣì, ìlà kékeré àárín yẹn. Wọn kì í sáré gbé version tuntun wọlé kó má baà da nǹkan míì rú, ti àtijọ́ ni wọ́n máa ń dí ihò ẹ̀, bí télọ̀ ṣe ń lẹ ṣòkòtò tó ya, nọ́ńbà ẹ̀yìn á wá gòkè. Wọ́n ti dí i! Bọ̀dá Táyọ̀ ò purọ́!

Mo sọ fún àfẹ́sọ́nà mi, ó yé e, ojú tì í gan-an. Ló bá di ọwọ́ mi mú, ó ń bẹ̀ mí pé kí n gbàgbé ẹ̀, pé tí ọ̀gá àgbà bá gbọ́, òun ló kàn láti lọ sílé. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí o... àmọ́ ṣé kò ní ṣe irú ẹ̀ sí èmi náà lọ́la? Ṣé irọ́ la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ilé wa?

Lánàá ni Bọ̀dá Táyọ̀, ẹni tí mo ń kúnlẹ̀ kí, wá bá mi nílé ní Dopemu. Àwọn náà ò mọ ohun tí dáàṣì yẹn ń sọ, wọ́n ti gbà pé ọwọ́ àwọn ló ṣàṣìṣe. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ bá àwọn bẹ ọkọ mi. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n fẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n ní kí n dúró ti àwọn... Kí ni kí n ṣe, ẹ̀yin èèyàn mi? Ṣé kí n dúró síbẹ̀ máa wò wọ́n nílẹ̀ ni?