Bọ́ọ̀lù Tó Wà Nínú Àpótí Mi

Anié, ọjọ́ ọjà

Bàrákátù ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Lomé? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn? Ọlọ́run tó jẹ́ ká jí lónìí kò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí a ò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ. Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbé e dé ọjà báyìí, ẹnu rẹ̀ ní tirẹ̀ ò rẹ̀ ẹ́ rí. Iṣu tuntun ti dé láti Moretan, ó ku kí o wá jẹ ẹ́. Owó tí o fi sínú fóònù, Céline tó ń ta káàdì létí ọ̀nà ló bá mi yọ ọ́. Kò tú fóònù náà rárá, owó ṣáà jáde. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí, mi ò rí ihò tó gbà.

Ìwé tí o kọ nípa ìgbésí ayé rẹ ti dé ọwọ́ wa. Àwòrán rẹ tó wà níwájú rẹ̀ dára, àmọ́ ìyá rẹ ń bèèrè ẹni tó gba igi aláwọ̀n tí o fi ń gbá tẹ́níìsì lọ́wọ́ rẹ, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ lásán lo fi jókòó. Mo ní o ti fẹ̀yìn tì, pé ohun tí ò ń ṣe lẹ́yìn eré lo kọ síbẹ̀. Philippe tíṣà ló ń kà á fún wa nírọ̀lẹ́, ó ń tú Faransé rẹ̀ sí èdè wa. A rẹ́rìn-ín níbi tí o ti ní ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí o sè, ajá aládùúgbò ò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí o ti ní fún odindi ọdún kan ò ń jí ní aago márùn-ún láìmọ ibi tí wàá lọ, inú mi bàjẹ́. O ò ṣe wálé? Aago márùn-ún lèmi ń to ìkòkò sórí àtẹ. O ní o ti ń kọ́ àwọn ọmọdé báyìí, o sì ń gbin tòmátì, ọkàn rẹ balẹ̀. Ọkàn tèmi náà balẹ̀.

Ojú ewé kẹrìnlélógójì ló dá wa dúró. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá rẹ ò wá wo eré rẹ rí. Philippe gbé ìwé sílẹ̀, ìyá rẹ wò mí. Bàrákátù, mo wá o.

Ọdún tí o gba ife, mo parọ́ fún ìyá rẹ pé mò ń lọ ra ọjà ní Lomé. Ẹ̀yìn pátápátá ní pápá eré rẹ ni mo jókòó sí. Ọkùnrin kan wà lórí àga gíga bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. O fún ọmọbìnrin kan ní bọ́ọ̀lù, ó dá a padà. O tún fún un, ó tún dá a padà. Ogójì ọdún ni mo ti ń ta ìkòkò, o mọ bó ṣe máa ń rí lára mi bí oníbàárà bá dá ọjà padà lójú gbogbo ayé. Ìwọ ń sáré, ò ń làágùn, ọmọ ọ̀hún ò gbà. Ìgbà tó bá gbà á tí kò dá a padà, màá pàtẹ́wọ́, àwọn èèyàn náà á pàtẹ́wọ́, mo sì rí i pé àánú rẹ ń ṣe wọ́n. Nígbà tí bọ́ọ̀lù kan fò kọjá ọgbà wá síbi ẹsẹ̀ mi, mo sọ ọ́ sápò kíá kó má bàa rí i dá padà. Mo bá dìde, omi ń bọ́ lójú mi. Ọmọ tí wọ́n ń dójú tì ní gbangba, kò yẹ kó tún rí bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ wa dé Glei lójú ọ̀nà ilé ni rédíò awakọ̀ sọ pé o ti borí. Mo ní, "Ó ti rà á nìyẹn."

Philippe ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbá a, pé dídá a padà gan-an ni eré náà. Òun ò tajà rí ni.

Mo ti ní kó fi báírò pa ọ̀rọ̀ ojú ewé kẹrìnlélógójì yẹn rẹ́ nínú ìwé tiwa, ó sì kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé mo wá. Jọ̀ọ́, gba gbogbo èyí tí wọ́n ti tà padà, kí o fi ọkọ̀ kó wọn wá ká tún wọn ṣe. Fi owó báírò ránṣẹ́ pẹ̀lú, ẹyọ kan ò ní í tó, kí o sì fi ti òróró orúnkún ìyá rẹ kún un.

Bọ́ọ̀lù náà ṣì wà nínú àpótí mi, mo fi aṣọ wé e. Bí wọ́n bá ṣì ń wá a lọ́wọ́ rẹ, sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ ló wà.

Ọlọ́run á pọ́n ọ lé. Ohun tí o bá gbé jáde láyé, wọn ò ní dá a padà fún ọ. Ìwé rẹ yìí, èmi ti gbà á.

Bàbá rẹ,
Mùkáílà