Ewé Mòríńgà Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Mi ní Peckham

Peckham, London.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Kúbúrá,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé ara yín le koko? Ṣé gbogbo ará ilé wa ní Ìwó wà dáadáa? Tiwa níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba. Òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọmọ yín Nusaybah ti wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀, Mùsílíù, ní kí n kí yín.

Ìyẹ̀fun ewé mòríńgà tí ẹ fi rán Àlájà Àìṣát tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ṣeun, Olúwa á máa fún yín ṣe. Ẹ mọ bí àtọ̀gbẹ ṣe ń bá mi fínra. Bí mo bá ti Surrey Quays dé, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ńṣe ni mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wa kí n tó lè gòkè. Mo wá ń po ìyẹ̀fun yín mọ́ ògì láràárọ̀. Kò pẹ́ tí ara mi fi fúyẹ́, tí ṣúgà mi sì ń wálẹ̀. Mùsílíù ní, “Ṣé o rí i? Ewé tí àwọn bàbá wa jẹ dàgbà ni.” Nusaybah ló ń kùn: “Mummy, ẹ jẹ́ ká tell dókítà first. Ó lè clash pẹ̀lú tablet yín.” Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀, ewé kì í ṣe májèlé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lo oògùn, mo lo ewé, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò tó nǹkan nínú mi torí mo ń kánjú. Bí básì ṣe dé Rye Lane, òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo fẹ́ tẹ bẹ́ẹ̀lì kí básì dúró, mi ò rántí ohun tí bẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ọmọ Yorùbá kan tó jókòó tì mí, Tòún lorúkọ rẹ̀, bi mí pé, “Aunty, ṣé ẹ ní ṣúgà ni?” Kò dúró gbọ́ èsì. Ó já júùsì gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi sí mi lẹ́nu. Ọmọ bú sẹ́kún, ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ wò ó. Ọlọ́run ló fi obìnrin yẹn síbẹ̀.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo lọ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Kò bínú; ó ní ṣúgà mi ló lọ sílẹ̀ jù lọ́jọ́ náà. Ó ní ewé náà lè fa ṣúgà wálẹ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà: oògùn ń fà á, ewé ń fà á. Ó ní òun mọ ìwọ̀n tó wà nínú hóró oògùn kan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú ṣíbí ewé. Tòní lè le ju tàná lọ. Mo dáwọ́ ìyẹ̀fun dúró, ṣúgà mi sì ti dúró déédéé. Ó gbà kí n máa fi ewé náà díẹ̀ sínú ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo bá ṣáà ń yẹ ṣúgà mi wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹsẹ̀ rìn dé Kennington, mi ò sinmi lójú ọ̀nà.

Àǹtí mi, ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí fóònù, ẹ fi ẹ̀rín sọ pé ẹ ti da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín nù, pé mòríńgà ti tó yín. Mi ò lè bá yín rẹ́rìn-ín. Mi ò ní kí ẹ gé igi mòríńgà yín o. Ewé yín dára, mo jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ bá nọ́ọ̀sì, kí ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ yín náà, ẹ máa bi wọ́n kí ẹ tó bù fún wọn: ta ló ń lo oògùn, ta ló lóyún? Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí nígbà tí màmá wa jáde láyé. Bí lẹ́tà yìí bá bí yín nínú, ẹ bínú sí mi. Ẹ ṣáà lọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú nípa ara wa. Kó jẹ́ ká fojú kan ara wa nínú àlàáfíà. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Àsúmáù.

Àfikún: Nusaybah ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èyí, ó ní kí n má tún un ṣe: “Big Mummy, e ku ile. Mo ti buy ticket, mo n bo ni summer. E maa lo tablet yin, please. Mo fe ba yin ni alaafia, ki e ko mi bi e se n sa ewe yen.”