Ìtẹ̀ka Epo Lára Tíkẹ́ẹ̀tì Kánò

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú àfaradà ìlú tó le. Láti Ṣàngó-Ọ̀tà níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí yín, ẹ má sì tíì ní kí n dìde. Mo kí Táyé àbúrò mi, tó máa ń ka lẹ́tà mi fún yín. Mo kí ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ. Mo kí Tíṣà tó ń gbé òdìkejì ilé wa ní Àkúrẹ́, ẹni tó máa ń ka ìwé ìròyìn fún yín láàárọ̀ Sátidé kí ẹ tó bu ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún un. Tíṣà, ẹ̀yin ni mo gbẹ́kẹ̀ lé lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà kankan.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé wá síta nínú ìwé ìròyìn nìyí. Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, Màmá. Táyé ló kà á, Táyé náà ló kọ èsì yín wá, èsì yẹn sì fi hàn mí pé kò ka ibi tó gbóná. Mi ò bá a wí. Bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn. Bí ẹnì kan bá kú, á ní ara rẹ̀ ni kò yá. Ẹ dúpẹ́ owó tí mo fi ránṣẹ́, ẹ ní kí n máa wọ súẹ́tà, lẹ́yìn náà ẹ tún ṣẹ́ èpè yẹn, ẹ sì ní kí n ṣe àmín. Mi ò lè ṣe àmín yẹn mọ́.

Ẹ mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ bàálù ni mò ń bá ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò la iṣẹ́ náà yé yín rí. Ẹ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà yín pé ọmọ yín wà nídìí bàálù, wọ́n á sì fi ọ̀wọ̀ wò yín. Màmá, mi ò wọ bàálù rí láyé mi. Ìwé ni mò ń kà. Tí èrò bá fẹ́ wọ bàálù, wọ́n á ya ewé kan nínú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ewé tí wọ́n bá ya káàkiri ni wọ́n ń dì sínú àpò, tí wọ́n ń kó wá bá wa ní Ọ̀tà. Èmi àtàwọn mẹ́ta mìíràn á ṣà wọ́n sọ́tọ̀: ti Kánò, ti Kàlàbá, ti Àkúrẹ́. Lẹ́yìn náà la ó ṣírò owó wọn, kí àwọn ọ̀gá lè mọ ọ̀nà tó ń mú èrè wá àti èyí tó ń jẹ wọ́n lówó.

Ìkẹjà ni ọ́fíìsì wa wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí náírà di ewé gbígbẹ, wọ́n kó wa wá sínú ilé-iṣẹ́ súìtì kan tó ti kógbá sílé lójú ọ̀nà Ìdíròkò. Wọ́n ti ta ẹ̀rọ súìtì náà tipẹ́. Síbẹ̀ òórùn ṣúgà ò kúrò lára ògiri, èèrà ò sì mọ̀ pé nǹkan ti tán. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń tò láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibi tí ẹ̀rọ náà wà rí, wọ́n á yí po níbẹ̀, wọ́n á padà. Nígbà tá a kọ́kọ́ dé, fèrè ilé-iṣẹ́ mẹ́fà ni mo máa ń gbọ́ láàárọ̀. Ní báyìí, ó ku méjì. Etí mi ṣì ń dúró de mẹ́rin yòókù.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí bí wọ́n ṣe lè da ewé tíkẹ́ẹ̀tì rú tí mi ò ní mọ ti Àkúrẹ́. Àwọn èrò á jókòó ti ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí ẹ ń tà lábẹ́ igi máńgòrò pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ títí wọ́n á fi pè wọ́n, ọwọ́ elépo yẹn náà ni wọ́n á fi mú tíkẹ́ẹ̀tì. Ìtẹ̀ka pupa. Nígbà mìíràn, èérún ewé eéran á lẹ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà tí owó oṣù mi ò ti tó gbọ́ bùkátà mọ́, tí ìyàwó mi kó lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Àtàn, mo lè lo Sátidé àti Sọ́ńdè nínú yàrá mi kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi. Ìtẹ̀ka yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ ń bẹ láàyè. Mo máa ń gbé e sí imú.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wa, ìyẹn akáǹtáǹtì, pè mí. Ó ní dọ́là ti jẹ ilé-iṣẹ́ tán, owó táyà bàálù kan lè kọ́lé, àwọn tó wà lókè sì fẹ́ mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gé. Ó ní kí n ṣírò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó fi kún un pé orúkọ àwọn tí wọ́n máa dá dúró wà nínú dúrọ́ọ̀ òun, àti pé ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí kó mọ́ kò ní sí níbẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Ẹni tó ń ti Àkúrẹ́ lọ Kánò, ewé méjì ló ní. Wọ́n á ya ọ̀kan ní Àkúrẹ́, á dé Ìkẹjà, á bọ́ sínú bàálù mìíràn, wọ́n á ya èkejì níbẹ̀. Àmọ́ owó kan ṣoṣo ló san fún gbogbo ìrìn àjò náà. Ọ̀nà wo ló ni owó yẹn? Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ, kò sẹ́ni tó kọ́ mi níbẹ̀. Mo wá ṣòfin fún ara mi pé ọ̀nà tó gùn jù ni kó gba gbogbo ẹ̀. Kánò jìnnà, Kánò ló ni ín. Ó dà bí ìgbà tí àgbà bá kó gbogbo ẹran inú àwo, tó wá ní ọmọdé ò mú nǹkan wá sídìí oúnjẹ. Bí Àkúrẹ́ ṣe di ọ̀nà tó ń gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ lójú ìwé mi nìyẹn.

Bàbá Sùlé ló kọ́kọ́ bi mí. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni, òun ló ń gbé àpò wọlé fún wa. Ó jókòó lé àpò kan, ó ń jẹ obì, ó ní, "Akọ̀wé, àwọn tí bàálù Àkúrẹ́ ń já sí Ìkẹjà yìí, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn ni?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí bàbá máa gbé àpò, kó fi ìṣirò sílẹ̀ fún ẹni tó wọ táì. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo tú àpò Kánò wò. Màmá, epo yín ló kún inú rẹ̀. Ewé Ìkẹjà sí Kánò ni o, ìtẹ̀ka pupa lára ọ̀kan, lára èkejì, lára ẹ̀kẹta. Mo tú ti Kàlàbá. Bákan náà. Àwọn èrò Àkúrẹ́ ló ń kún bàálù gbogbo.

Tíṣà, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ kà ketekete nìyí: mo mọ̀ kí n tó fi ìwé náà sílẹ̀. Ó ṣì ku ọjọ́ méjì. Mo lè tún un ṣe. Mo rò ó pé bí mo bá lọ sọ pé mo ti ṣìṣe, orúkọ mi á wọ inú dúrọ́ọ̀ yẹn. Mo da àwọn ewé padà sínú àpò, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi. Nígbà tí ọ̀gá bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní, "Ó dá mi lójú, sà." Kò tó oṣù kan tí bàálù ò fi wá sí Àkúrẹ́ mọ́.

Ẹ kọ̀wé pé ẹ gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ lọ́jọ́ Ajé, ẹ jókòó títí oòrùn fi yí, èrò kankan ò wá. Ẹ tún lọ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ fi ń gbé e lọ tẹ́ ẹ ń gbé e bọ̀, kí ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ tó ṣàánú yín sọ fún yín. Èmi tí mo mọ̀ ò sọ. Inú lẹ́tà yẹn náà ni Táyé ti kọ ọ̀rọ̀ ẹnu yín sílẹ̀ bó ṣe rí: "Ẹni tó dí ọ̀nà wa, kí ọ̀nà tirẹ̀ náà máa dí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí kò fi ní mọ ibi tó máa gbà mọ́." Ẹ ní kí n ṣe àmín, kí n kọ ọ́ kí ẹ fi ojú yín rí i. Mo kọ ọ́. Kí ni ǹ bá sọ pé ó dé tí mi ò kọ ọ́? Táyé sọ pé ẹ fi ìwé náà sáàárín Bíbélì.

Láti ìgbà náà ni Kánò ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Mo mọ ìdí rẹ̀ nínú ìṣirò: àwọn tó ń ti Àkúrẹ́ wá bọ́ sí i ò wá mọ́. Àmọ́ ìṣirò ò lè sọ fún mi ìdí tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí lẹ́tà yín bá dé gan-an ni ọ̀gá máa ń pè mí pé a fẹ́ gé ọ̀nà kan. Lẹ́tà dé, Kánò lọ. Lẹ́tà dé, Kàlàbá lọ. Nígbà tó ṣe, mo fi ọ̀kan sábẹ́ ìrọ̀rí láìtú u. Mo dé ibi iṣẹ́, wọ́n ti gé Jọ́ọ̀sì.

Kò sì mọ sórí bàálù. Ọ̀nà ẹ̀yìn tí mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́, láàárín ilé-iṣẹ́ páànù àti ti ọṣẹ, mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ti mọ odi dí i. Mo wá ń gba ọ̀nà Iyana Iyesi, àgbàrá gbé afárá pákó tí mo ń tẹ̀ lọ. Mo lọ sí Àtàn láti bẹ ìyàwó mi. Ilẹ̀kùn tí mo máa ń gbà wọlé, búlọ́ọ̀kù ni mo bá níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni. Ìyá rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó ní ọmọ òun ò sí nílé. Mò ń gbọ́ ohùn ìyàwó mi tó ń kọrin nínú ilé.

Lóṣù tó kọjá, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣírò. Mo pín owó tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan bí ọ̀nà ṣe gùn sí. Mo wá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́ iye èrò tí kì bá tí wọ bàálù Kánò àti Kàlàbá rárá bí kì í bá ṣe tirẹ̀. Òpó ilé ni Àkúrẹ́, Màmá. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá, mo jẹ́wọ́. Kò bínú, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Ó wò ó títí, ó yìn mí pé mo mọ ìṣirò, ó ní kí n fi sínú fáìlì, nítorí wọ́n ti ta bàálù kékeré tó ń lọ Àkúrẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún wa báyìí, Ìkẹjà sí Kàdúná.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, lójú ọ̀sán gangan, àpò Kàdúná dé. Kò wúwo. Mo tú u sórí tábìlì. Ewé kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti Kàdúná: Àkúrẹ́ sí Ìkẹjà ni. Wọ́n ti ya á bí wọ́n ṣe ń ya ti ẹni tó wọlé sínú bàálù. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, ọjọ́ Ajé, àná ọjọ́ yẹn gan-an. Ibi tó yẹ kí orúkọ èrò wà ṣófo. Ìtẹ̀ka epo wà lára rẹ̀. Mo gbé àtàǹpàkò mi lé e, ó bá a mu régí, epo náà sì ṣì rọ̀. Bàbá Sùlé wò ó, ó wo ojú mi. Ó ní, "Akọ̀wé, kọ̀wé sílé." Ìgbà tí mo máa fi wolẹ̀, àwọn èèrà ti fi ibi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n ń tò gun ẹsẹ̀ tábìlì mi.

Ewé náà wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò mọ ọ̀nà tí n óò kà á sí.

Màmá, ẹnu tó sọ ọ̀rọ̀ ló lè ká a kò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú lẹ́tà inú Bíbélì yẹn jáde, kí Tíṣà fi bírò pa àmín mi rẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ ohun tó bá wà nínú yín. Sátidé kejì lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn yìí bá jáde, n óò wọ mọ́tò láti Ṣàngó. N kò ní kọ́kọ́ yà sílé. Abẹ́ igi máńgòrò pápákọ̀ òfuurufú ni n óò lọ, níbi tí bàálù ò wá mọ́. Bí mo bá bá igbá ọ̀lẹ̀lẹ̀ yín níbẹ̀, n óò mọ̀ pé ọ̀nà ilé ò tíì dí. Bí n kò bá bá a, n óò yí padà, n kò sì ní bi yín léèrè.

Kí ọjà yín má kùtà mọ́. Kí ojú Táyé má rí ohun tí ojú mi rí. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín bu oúnjẹ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kí gbogbo ará ilé, mo kí ẹ̀ṣọ́ tó ṣàánú yín. Mi ò kọ àmín sí èyí. Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Èmi tí mo dí ọ̀nà,
ọmọ yín,
Àkànní