Bàtà Ìrìnàjò Màámi

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ
Páásípọ́ọ̀tù wa ti jáde! Èmi, Màámi àti Ẹyẹ — orúkọ tí mo fún ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń lọ aṣọ ní ilé ìtura nìyẹn, torí ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í balẹ̀. Ilẹ̀ òkèèrè inú kàlẹ́ńdà Màámi la ń lọ. Ààfin àtijọ́, ihò àpáta tí wọ́n yàwòrán sí, ìlú àwọn amọ̀kòkò. Ọdún kàlẹ́ńdà yẹn ti kọjá tipẹ́, Màámi ò jẹ́ ká yọ ọ́ lára ògiri. Ìkòkò ni wọ́n mọ títí ọwọ́ fi ń dùn wọ́n. "Mo kàn fẹ́ fọwọ́ kan amọ̀ tiwọn ni," ohun tí wọ́n ń sọ ṣáá nìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà
Ètò ìrìnàjò aláìlówó: oṣù òjò la máa lọ, àlejò kì í pọ̀ nígbà yẹn, owó gbogbo nǹkan máa ń wálẹ̀. Bọ́ọ̀sì òru, ká lè sùn nínú ẹ̀. Yàrá tí èrò pọ̀ sí, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wo ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Búrẹ́dì àti ẹja inú agolo látilé. Ẹyẹ ní àpò kan péré lẹ́nì kan, èyí téèyàn lè gbé kọ́ ẹ̀yìn sáré. Ó wo Màámi bó ṣe sọ "sáré" yẹn. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án
Màámi ra bàtà olókùn, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ le bíi pákó. Àràárọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ yí àgbàlá ká. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé bàtà tuntun rìnrìn àjò, ẹsẹ̀ ẹ̀ á bó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá
Màámi bá wa dé ọ̀dọ̀ onítíkẹ́ẹ̀tì, ọmọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Háà! Wọ́n ń ná owó ọkọ̀ bí ẹni ń ra ata. Wọ́n béèrè ìyàwó ọmọkùnrin náà; ó ní oyún ti wọ oṣù ẹ̀. Ni Màámi bá ń ṣàdúrà sókè, gbogbo ọ́fíìsì yíjú. Ẹyẹ ń wo àjà. Èmi náà sún díẹ̀díẹ̀ títí mo fi dé ẹ̀gbẹ́ ẹlòmíì, bí ẹni pé èmi kọ́ ni wọ́n bí. Ìyá tó bí mi lọ́mọ!

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Mo purọ́. Ẹyẹ ló ní tí Màámi bá ń lọ, òun ò lọ. Mi ò bá a jà, torí ohun tó wà nínú tèmi náà ló sọ. Mo sọ fún Màámi pé ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kì í gba àgbàlagbà mọ́.
"Àgbàlagbà wo? Jẹ́ n lọ bá ọmọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀, ó mọ̀ mí."
Mo ní tó bá dá sí i, wọ́n á lé e lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó ẹ̀ sì wà nínú oyún. Màámi ní òótọ́ ni, àwọn ò ní lọ. Wọ́n wá gbá mi léjìká pẹ́pẹ́: "Má jẹ́ kó dùn ẹ́. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ."
Àwọn ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Oúnjẹ ò lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún
Gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Màámi ń fi ṣẹ̀fẹ̀: "Wọ́n ní mo ti dàgbà jù. Bọ́ọ̀sì wọn gan-an dàgbà jù mí lọ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, aláìnítìjú. Àmọ́ Màámi ṣì ń wọ bàtà yẹn yí àgbàlá ká. Mi ò lẹ́nu láti bi wọ́n pé kí ló dé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún
Mo lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn. "Ìyá wa ńkọ́? Ìdajì owó làwọn àgbà ń san o." Mo ní ara wọn ò yá. Irọ́ lórí irọ́. Ó ní kí n bá òun sọ fún wọn pé ìyàwó òun ti bí, wọ́n gbóhùn ìyá, wọ́n gbóhùn ọmọ, pé àdúrà wọn gbà.
Mo délé, mi ò sọ ọ́. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á fẹ́ lọ kí i, irọ́ mi á sì tú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún
Ìrọ̀lẹ́ yìí la ń lọ. Mo ti di àpò. Màámi gbé bàtà wọn wá, wọ́n ti nù ún, ó ń dán.
"Wọ̀ ọ́ wò. Ṣebí ẹsẹ̀ kan náà la ní. Àbí o rò pé mò ń ṣeré nínú àgbàlá ni? Mò ń bá ẹ rọ̀ ọ́ ni, kó má bàa bó ẹ lẹ́sẹ̀."
Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń bá mi so okùn ẹ̀ bí ìgbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n ní kí n bá àwọn fọwọ́ kan amọ̀ yẹn. Bàtà ò há mi níbì kankan.
Mo bú sẹ́kún. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Pé kò sẹ́ni tó kọ̀ wọ́n. Pé èmi ni. Pé wọ́n ń tì mí lójú. Mo sọ ti ọmọ tuntun náà.
Màámi, tí ohùn wọn máa ń dé títì, ò pariwo.
"Bọ́ bàtà mi."
Mo bọ́ ọ. Wọ́n jókòó, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n so okùn ẹ̀ fúnra wọn, wọ́n mú báàgì ọwọ́. Wọ́n ní àwọn ń lọ kí onítíkẹ́ẹ̀tì kú ewu ọmọ. Wọn ò sọ bóyá àwọn máa ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọn ò wẹ̀yìn.
Tí wọn ò bá rà á, èmi náà ò lọ síbì kankan.
Ẹyẹ ti ń kanlẹ̀kùn. Mo jókòó síbí láìwọ bàtà.